Orí Kẹrin: Ọkọ̀ Balẹ̀, Kọ̀ǹpútà Ní Kò Tíì Balẹ̀

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, ọkọ̀ òfúrufú Airbus A320 kan tó jẹ́ ti Lufthansa gbéra láti Frankfurt lọ sí Warsaw, olú-ìlú Poland, pẹ̀lú èèyàn 70 nínú rẹ̀. Òjò ti sọ ojú ọ̀nà tó fẹ́ balẹ̀ sí di omi. Wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ nípa atẹ́gùn, ni wọ́n bá fi eré kún eré, wọ́n sì tẹ ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 9 kí ẹsẹ̀ òsì tó tẹ̀lé e.

Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn pátákó orí ìyẹ́ tó máa ń dìde láti tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kò dìde. Ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó máa ti ọkọ̀ sẹ́yìn kò dá awakọ̀ lóhùn. Nígbà tí gbogbo wọn máa fi ṣiṣẹ́, ilẹ̀ tó kù níwájú kò tó mọ́. Ọkọ̀ náà sáré kọjá òpin ojú ọ̀nà, ó kọlu òkìtì ilẹ̀, ó gbiná. Èèyàn méjì kú, awakọ̀ kejì sì wà lára wọn.

Kò sí kóòdù tó dẹnu kọlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n ní kí sọ́fítíwia ṣe gan-an ló ṣe. Wọ́n ti pàṣẹ fún un pé kó má jẹ́ kí àwọn ohun ìdádúró wọ̀nyí ṣiṣẹ́ àyàfi tí ọkọ̀ bá ti balẹ̀, ìbẹ̀rù tó wà nídìí àṣẹ náà kì í sì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991, ẹ́ńjìnnì Boeing 767 kan tó jẹ́ ti Lauda Air bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọkọ̀ sẹ́yìn lójú òfúrufú lókè ilẹ̀ Thailand, gbogbo èèyàn 223 tó wà nínú rẹ̀ ló ṣègbé. Ìbéèrè tó kù ni pé, báwo ni kọ̀ǹpútà yóò ṣe mọ̀ pé ọkọ̀ ti balẹ̀? Ní ti A320, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí nọ́ńbà: kí ìwúwo tó lé ní tọ́ọ̀nù 6.3 wà lórí ẹsẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan, tàbí kí táyà máa yí ju nọ́ọ̀tì 72 lọ. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tó fún àwọn pátákó orí ìyẹ́, ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń wò. Ní Warsaw, ẹsẹ̀ òsì wà lókè, nítorí náà ìwúwo kò pé. Táyà ń yọ̀ lórí omi, nítorí náà kò yí tó. Gbogbo ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ náà mọ̀ pé òun ti kan ilẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní rárá.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, wọ́n dín tọ́ọ̀nù 6.3 yẹn kù sí 2.

Ohun tí orí ìwé yìí dá lé lórí ni iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti ṣe lórí irú ọ̀rọ̀ bí “balẹ̀” kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kóòdù kan. Nínú gírámà Yorùbá, gbólóhùn tó bá ní ju ìtumọ̀ kan lọ ni gbólóhùn pọ́n-na. Akéwì fẹ́ràn rẹ̀, aláwàdà ń jẹun lórí rẹ̀. Ẹni tó ń kọ sọ́fítíwia nìkan ni kò rí èrè kankan níbẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò lè rẹ́rìn-ín, kò sì lè wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ìtumọ̀ kan péré ni yóò mú. Èyí tí yóò mú kì í sì í ṣe èyí tí oníbàárà fẹ́ bí kò ṣe èyí tó wá sọ́kàn ẹni tó kọ kóòdù lọ́jọ́ náà.

Ìwé tí oníbàárà àti àwọn tó ń kọ sọ́fítíwia jọ fẹnu kò lé lórí, tó sọ ohun tí ètò náà gbọ́dọ̀ ṣe, ni a ó máa pè ní àlàkalẹ̀. Ìlànà IEEE 830 tó jáde ní ọdún 1998 ti sọ ọ́ kedere pé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú àlàkalẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ìlànà tó rọ́pò rẹ̀, ISO/IEC/IEEE 29148, tí wọ́n gbé jáde ní 2011 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2018, sọ bẹ́ẹ̀ náà, ó sì tún to irú àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ kí èèyàn sá fún. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹni tó kọ gbólóhùn pọ́n-na kì í mọ̀ pé òun kọ ọ́, nítorí ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn tirẹ̀.

Gbólóhùn tí kò yé ẹnikẹ́ni kì í ṣe ìṣòro ńlá. Ẹnì kan yóò nawọ́, yóò béèrè, wọn yóò ṣàlàyé. Èyí tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣọ́ ni gbólóhùn tó yé gbogbo èèyàn, tí wọ́n gbà láì jiyàn, tí oníkálùkù sì gbé tirẹ̀ lọ sílé.

Bí àpẹẹrẹ, ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan fẹ́ kí wọ́n bá àwọn ṣe áàpù tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi máa fi owó pamọ́, tí yóò sì fi máa yá owó. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú àlàkalẹ̀ wọn kà báyìí: “Kí ọmọ ẹgbẹ́ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sí i, nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ pé díjíìtì 11.” Ó jọ pé ó yanjú. Ṣùgbọ́n ní Nàìjíríà, nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo jẹ́ díjíìtì 11. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, jẹ́ díjíìtì 11. BVN tí àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ ní 2014 náà jẹ́ díjíìtì 11. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní fóònù lọ́kàn, akápò ní BVN lọ́kàn, ẹni tó ń kọ kóòdù sì rántí NIN nítorí òun ló kọ kẹ́yìn sínú iṣẹ́ míì. Kíka díjíìtì kò lè tú wọn fó, nítorí gbogbo wọn pé. Ká tiẹ̀ ní fóònù ni wọ́n fẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé ní London tó tọ́jú nọ́ńbà Nàìjíríà rẹ̀ pẹ̀lú +234 yóò yọ òdo ìbẹ̀rẹ̀, díjíìtì rẹ̀ yóò di 13, áàpù yóò sì lé e dànù.

Gbólóhùn kejì rọrùn ju ìyẹn lọ: “Orúkọ kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 12 lọ.” Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú orúkọ Adébọ̀wálé, kó ka lẹ́tà inú rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá yóò rí 9. Kọ̀ǹpútà lè rí 10, nítorí nínú Unicode, kò sí àmì kan ṣoṣo fún ọ̀ tó ní ohùn ìsàlẹ̀ lórí; lẹ́tà ọ dá wà, àmì ohùn dá wà. Tí fóònù tí wọ́n fi tẹ orúkọ náà bá tú gbogbo àmì ká kúrò lára lẹ́tà, iye náà di 14, áàpù yóò sì sọ pé orúkọ ti gùn jù. Tó bá jẹ́ bí dátábéèsì ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ní UTF-8, láì tú àmì ká, ni wọ́n ń kà, báìtì 16 ni. Orúkọ kan, iye mẹ́rin, kò sì sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn. “Lẹ́tà” ni kò ní ìtumọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti rí fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tó kọ̀ láti gba orúkọ wọn tàbí tó gé e sí méjì, tí wọ́n sì rò pé fóònù àwọn ló ń ṣe wèrè.

Ti ọjọ́ ló wá le jù. “Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá dá owó padà láàárín ọjọ́ márùn-ún yóò san ìtanràn.” Àwọn àgbà Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí wọ́n wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà ọrọọrún fi ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ní ìkà kàlẹ́ńdà, tí ìpàdé ìtàdógún sì fi ń bọ́ sí ọjọ́ 16 síra wọn. Ẹni tó bá ń kà bẹ́ẹ̀ yóò ní owó tí wọ́n yá ní ọjọ́ kìíní oṣù gbọ́dọ̀ wọlé ní ọjọ́ karùn-ún. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kó fi 5 kún 1 yóò dúró de ọjọ́ kẹfà. Ṣé òru ọjọ́ náà ló parí sí, àbí wákàtí kan náà tí wọ́n gba owó? Ṣé ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú wà nínú rẹ̀? Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú aago UTC tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò, nítorí náà ẹni tó san owó ní Ìbàdàn ní aago 12:30 òru, sáfà lè kọ ọ́ sí aago 11:30 alẹ́ àná. Ẹnì kan yóò bọ́ lọ́wọ́ ìtanràn tó tọ́ sí i, akápò yóò sì máa wá owó tí kò sí.

Nígbà míì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ló ń ní ìtumọ̀ méjì bí kò ṣe bí wọ́n ṣe so ọ̀rọ̀ pọ̀. “Akọ̀wé tàbí akápò àti alága gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí owó tó jáde.” Ohun tí ẹgbẹ́ ní lọ́kàn ni pé alága gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ọ̀kan nínú àwọn méjì yòókù sì tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, “àti” máa ń di ọ̀rọ̀ pọ̀ kí “tàbí” tó dé. Tí wọ́n bá kọ gbólóhùn yìí sínú kóòdù bó ṣe wà, akọ̀wé nìkan lè kó owó jáde láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣòro láti rí ẹgbẹ́ tí yóò mọ̀ ọ́n mọ̀ fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ òun gan-an ni wọ́n kọ. “Wọ́n” náà kò gbẹ́yìn. “Akọ̀wé yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí alága kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.” Alága ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún ni, àbí àwọn méjèèjì ni yóò fọwọ́ sí i?

Àwọn kan lè rò pé àwọn ọmọṣẹ́ ló ń ṣe irú àṣìṣe báyìí. Ọkọ̀ Mars Polar Lander tí NASA fi ránṣẹ́ sórí Mars yẹ kó balẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1999, kò sì sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó wádìí rẹ̀ sọ ohun tó ṣeé ṣe jù lọ pé ó fà á. Nígbà tí ọkọ̀ náà na ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde lókè réré, jìgìjìgì ìnàjáde náà mú kí sẹ́ńsọ̀ inú ẹsẹ̀ fi àmì hàn bíi pé ó ti kanlẹ̀. Sọ́fítíwia tọ́jú àmì èké náà. Nígbà tó ku nǹkan bíi mítà 40, tí wọ́n ní kó wá máa wo ọ̀rọ̀ ìkanlẹ̀, ó bá àmì náà nílẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ sì já lulẹ̀ pẹ̀lú eré tó tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ wò dáadáa níbí ni bí àlàkalẹ̀ ṣe rìn láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì. Àlàkalẹ̀ gbogbo ọkọ̀ náà ti ní kí wọ́n má lo ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ bá sọ títí ọkọ̀ yóò fi sún mọ́ ilẹ̀. Kò sọ ìdí. Kò dárúkọ àmì èké tí ìnàjáde ẹsẹ̀ lè fà, bẹ́ẹ̀ ni ìkìlọ̀ náà kò sì sọ̀ kalẹ̀ délẹ̀délẹ̀ dé inú àlàkalẹ̀ sọ́fítíwia. Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà ka “má lò ó títí di ìgbà báyìí”. Ó lè jẹ́ pé kó má ṣe ohunkóhun lé e lórí kí ìgbà náà tó dé; ó sì lè jẹ́ pé kó ju gbogbo ohun tó ti gbọ́ ṣáájú dànù. Ẹni tó mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ń purọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń nà yóò mú èkejì. Ẹni tí wọn kò sọ fún kò ní ìdí kankan láti ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n kọ láì fi ìdí rẹ̀ sí i ti di ìdajì pọ́n-na kí wọ́n tó fi àmì ìdánudúró parí rẹ̀.

Kí wá ni ìdí tí wọ́n fi ń tẹnu mọ́ ọn pé ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kí wọ́n ti yẹ àlàkalẹ̀ wò fún pọ́n-na? Owó ni. Barry Boehm ló kó ìṣirò rẹ̀ jọ nínú ìwé tó ṣe ní 1981 lórí ọrọ̀ ajé sọ́fítíwia. Ní 2001, òun àti Victor Basili kọ ọ́ pé nínú iṣẹ́ ńlá, títún àṣìṣe kan ṣe lẹ́yìn tí sọ́fítíwia ti dọ́wọ́ oníbàárà sábà máa ń náni tó ìlọ́po 100 ohun tí ìbá náni nígbà tí wọ́n ń kọ àlàkalẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ta ètò àyẹ̀wò ló mọ nọ́ńbà 100 yẹn lórí. Èyí tí wọn kì í sábà sọ ni pé àwọn méjì yìí kan náà fi kún un pé nínú iṣẹ́ kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹgẹ́, ìlọ́po 5 ló sún mọ́. Fún áàpù ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, 5 ni kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn. 5 náà tó láti jẹ èrè iṣẹ́ tán.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà ló kù. Ọ̀nà tó dára jù lọ kò nílò kọ̀ǹpútà. Donald Gause àti Gerald Weinberg ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé wọn, Exploring Requirements, tó jáde ní 1989. Wọn yóò fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ní gbólóhùn kan náà, wọn yóò béèrè ìbéèrè kan tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà, oníkálùkù yóò sì kọ tirẹ̀ sílẹ̀ láì wo ti ẹlòmíì. Ẹni tó yá owó ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ wo ni ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Tí ìdáhùn bá jẹ́ 6, 7 àti 8, ìjíròrò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láì sí pé ẹnikẹ́ni pe ẹnì kejì rẹ̀ ní aláìgbọ́n.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ níbi tí ọmọdé kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Nínú ìpàdé tí alága ẹgbẹ́ ti sọ pé “Ó ti yé gbogbo wa,” ọmọ ọdún 23 tó ń kọ kóòdù kò ní dìde kó ní kò yé òun. Yóò mi orí, yóò lọ sílé, yóò sì yan ìtumọ̀ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bébà kékeré tí kò ní orúkọ lórí ń gba ọmọ náà lọ́wọ́ àìgbọ́ràn, ó sì ń gba alága lọ́wọ́ ìtìjú.

Gause àti Weinberg náà gbani níyànjú pé kí èèyàn ka gbólóhùn sókè, kó máa tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó wo bí ìtumọ̀ ṣe ń yí. Lédè Yorùbá, kò dìgbà tí èèyàn bá pariwo. “Ni” ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kí wọ́n mú “Akápò lè wo gbèsè ọmọ ẹgbẹ́.” Akápò ni: alága ńkọ́? Wíwò ni: ṣé kò lè yí i padà? Gbèsè ni: owó tí wọ́n fi pamọ́ ńkọ́? Ti ọmọ ẹgbẹ́ ni: ẹni tó ti kúrò lẹ́gbẹ́ tó ṣì jẹ gbèsè ńkọ́, àti ẹni tó kú? Gbólóhùn kékeré ti bí ìbéèrè márùn-ún, èyí tó kẹ́yìn sì lè gba òwúrọ̀ odidi kan, nítorí ó ní láti di mímọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní ọmọ ẹgbẹ́ gan-an. Ìdáhùn rẹ̀ yóò wọ inú àkójọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú àlàkalẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò tún lo ọ̀rọ̀ náà fún nǹkan míì.

Ẹni tí yóò dán ètò wò wúlò ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣe rò lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló mọ̀: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti ṣe é? “Áàpù gbọ́dọ̀ yára” kò ní ìdáhùn. “Lórí fóònù Android tó ní RAM 2GB, pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G, ojú ewé gbèsè gbọ́dọ̀ ṣí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4, ó kéré tán nígbà 95 nínú 100” ní. Oníbàárà lè kọ 4 náà, kó ní 2 lòun fẹ́. Kó kọ̀ ọ́ nísinsìnyí ló dára.

Ẹ̀rọ náà lè bá èèyàn wá pọ́n-na díẹ̀. Ní ibùdó Goddard ti NASA, wọ́n ṣe ètò kan tó ń jẹ́ ARM ní àwọn ọdún 1990, tó ń ka àlàkalẹ̀ tó sì ń tọ́ka sí àwọn ọ̀rọ̀ tí kò lágbára. Nínú àlàkalẹ̀ Yorùbá, irú wọn ni “bó bá ṣe yẹ”, “kíákíá”, “lọ́nà tó rọrùn”, “tó pọ̀ tó”, àti “àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ”. Wíwá irú wọn kò gba àkókò, ó sì yẹ kí wọ́n máa ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi gbogbo ara lé e. “Balẹ̀” kò sí nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀. “Díjíìtì 11” kò sí níbẹ̀, ó tiẹ̀ jọ ohun tó gún régé nítorí nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Pọ́n-na tó ń pani kì í wọ aṣọ àkísà.

Ọ̀nà míì ni láti há gbólóhùn mọ́ inú ìlànà kan. Alistair Mavin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Rolls-Royce gbé irú rẹ̀ jáde ní 2009, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá òfin ètò ìdarí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú jà. EARS ni wọ́n pè é. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní láti sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀, tí wọ́n bá wà, lẹ́yìn náà ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan, àti nǹkan náà, ní títẹ̀léra. Òfin ìtanràn yẹn yóò wá kà báyìí: “Níwọ̀n ìgbà tí gbèsè bá ṣì kù, nígbà tí aago Nàìjíríà bá lu 12 òru tó parí ọjọ́ karùn-ún, tí ọjọ́ ìyáwó jẹ́ ọjọ́ kìíní, ètò náà gbọ́dọ̀ fi ìtanràn kún gbèsè náà lẹ́ẹ̀kan.” Kò dùn ún gbọ́ létí. Kò sí ẹni tó ní kó dùn.

“Gbọ́dọ̀” inú gbólóhùn yẹn náà ní ìtàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1997, Scott Bradner kọ RFC 2119 fún àwọn tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì pààlà sáàárín ohun tó jẹ́ dandan, ohun tó yẹ, àti ohun tí èèyàn lè ṣe tó bá wù ú. Wọ́n ń fi lẹ́tà ńlá kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi lẹ́tà kékeré kọ wọ́n ńkọ́? Iyàn náà wà nílẹ̀ títí di ọdún 2017, nígbà tí RFC 8174 wá sọ pé lẹ́tà ńlá nìkan ló ní agbára yẹn. Ogún ọdún ni ìwé tí wọ́n kọ láti lé pọ́n-na jáde fi gba pọ́n-na kan lálejò. Fún àlàkalẹ̀ Yorùbá, “gbọ́dọ̀”, “ó yẹ kí” àti “lè” yóò ṣe iṣẹ́ náà. “Yóò” ni kí wọ́n ṣọ́ra fún, nítorí kò sọ bóyá àṣẹ ni tàbí ìròyìn.

Àyẹ̀wò yìí ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, oṣù díẹ̀ ṣáájú ọkọ̀ tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, NASA pàdánù Mars Climate Orbiter nítorí sọ́fítíwia kan ń fi pọ́n-ùn ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka agbára nígbà tí èkejì ń retí newton. Ọ̀pọ̀ ìwé ń tọ́ka sí i gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ àlàkalẹ̀ pọ́n-na. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àlàkalẹ̀ náà ti sọ newton kedere. Kóòdù ni kò tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Àìsàn méjì nìyẹn, oògùn wọn kò sì dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dà wọ́n pọ̀ yóò máa tún gbólóhùn tó ti dára kọ, nígbà tí ohun tó yẹ kó ṣe ni kó dán kóòdù wò.

Iṣẹ́ ṣíṣe. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta jókòó sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n ka gbólóhùn yìí láti inú àlàkalẹ̀ ilé ìwé girama kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ: “Ètò náà yóò fi èsì ìdánwò ránṣẹ́ sí àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti san owó ilé ìwé kí sáà tó parí.” Kí oníkálùkù kọ “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” síwájú ẹni kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀lé e yìí, láti sọ bóyá yóò gba èsì: bàbá tó san ìdajì, ìyá tí kò bá bàbá gbé mọ́, nígbà tó jẹ́ pé bàbá ló san án, ẹ̀gbọ́n tó san gbogbo owó fún ọmọ aláìlóbìí, òbí tó san án pé lọ́jọ́ kejì tí ilé ìwé gba ìsinmi. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ìdáhùn wé ara wọn, kí wọ́n ka iye ibi tí wọn kò ti fẹnu kò, kí wọ́n sì kọ ìbéèrè tí wọn yóò bi ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ kan kóòdù.